Ẹja Kan Ṣoṣo tí Mo Mú Kúrò Nínú Odò Wọn

Ẹ̀yin tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní kíláàsì alẹ́ wa ní Ṣómólú, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ ti bi mí láti ìgbà tí mo ti dé: ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀, kí ni mo ń jẹ, àti pé kí ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ṣe. Méjì àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Nítorí ẹ̀kẹta ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí, torí pé bí mo bá fi ẹnu lásán sọ pé ẹja ni mo ń pa, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ta ni í wọ ọkọ̀ òfurufú kúrò ní Bàrígà lọ pa ẹja?

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà létòlétò, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà ṣe kọ́ wa. Ẹ mọ̀ pé ìwé dídì ni iṣẹ́ mi: bí àwọn atẹ̀wé bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, èmi ni mo ń ká a, tí mo ń fi abẹ́rẹ́ rán an, tí mo sì ń lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé apẹja ni bàbá mi, ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, títí di òní. Mo bá wọn gbọ́n omi inú ọkọ̀, mo bá wọn fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, mo sì bá wọn tún àwọ̀n tó ya ṣe, ṣùgbọ́n mo sá lọ bá àwọn atẹ̀wé kí wọ́n tó fi àwọ̀n lé mi lọ́wọ́. Nítorí náà, mo dàgbà, mo bímọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni àádọ́ta ọdún, n kò fi ọwọ́ ara mi pa ẹja kan rí.

Nílé wa, ẹja àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá pa, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ín. Kò ní í tà á, kò ní í tọ́ ọ wò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó padà bọ́ sómi. Yóò sè é, yóò gbé e síwájú ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì jẹ ẹ́ tòun ti orí. Bí ọ̀gá bá ti jẹ orí ẹja náà tán, ó ti gba onítọ̀hún síṣẹ́ nìyẹn. Bàbá mi kò jẹ ẹja mi rí. Wọn kò sì fi bú mi rí, èyí tó dùn mí ju èébú lọ.

Ìlú tí kò bi mí léèrè

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin, Ṣadé, ni mo lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ní abúlé kan láàárín òkè ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìparí òtútù ni mo dé, nígbà tí ewé tuntun ń yọ lórí igi tó ti dà bí èyí tó kú. Àwọn ará ibẹ̀ ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n ń sọ pé ooru ti dé. Èmi wọ súwẹ́tà méjì àti jákẹ́ẹ̀tì lé e, etí mi sì ń ta mí bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ìránwé gún un.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀, n kò gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àgùntàn nìkan ló ń ké. Ní Bàrígà, bí àlejò bá dúró sí ojú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnìkan yóò bi í pé ta ló ń wá. Níbẹ̀, mo rìn káàkiri fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Wọ́n á mi orí sí mi, wọ́n á sọ pé ojú ọjọ́ dára, wọ́n á sì kọjá. Ní ọjọ́ kan, mo tẹ obìnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló tún ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú. Mo délé, mo sọ fún Ṣadé.

"Bọ̀dá Kọ́lá, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn," ó wí. "Ẹ bá wọn bẹ̀bẹ̀ padà, kí ẹ sì máa lọ."

"Ta ló wá jẹ̀bi?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ẹ jẹun, oúnjẹ yín ń tutù."

Ní ti oúnjẹ, ọ̀dùnkún ni mo jẹ jù: èyí tí wọ́n sè, èyí tí wọ́n dín, èyí tí wọ́n gún bí iyán tí kò kúnná. Lọ́sàn-án, búrẹ́dì tútù tí wọ́n fi wàràkàṣì há láàárín ni wọ́n ń jẹ. Wọn kò gba oúnjẹ ọ̀sán sí nǹkan kan. Ọpẹ́lọpẹ́ ata gígún tí mo gbé lọ.

Bàbá Wílífù

Ògiri òkúta kúkurú kan ló pín ilé Ṣadé àti ti bàbá àgbàlagbà kan níyà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń gbìyànjú láti fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ojú ìwọ̀ kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo ka ìgbà mọ́kànlá tí okùn náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ní ìgbà kejìlá, mo jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n sì nà án sí mi. Ojú ìwọ̀ yẹn fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ mi lọ. Mo bọ̀ ọ́, mo sì so ó bí mo ṣe ń so ìdí òwú ìwé. Wọ́n fà á, kò tú. Wọ́n tún fà á.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwé ni, sà. Àti àwọ̀n bàbá mi."

Irun ẹran àti ìyẹ́ ọrùn adìyẹ ni wọ́n fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ náà. Mo bi wọ́n pé kí ni. Wọ́n ní eṣinṣin ni. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré. Wọ́n wá ṣàlàyé pé ẹja kan wà nínú odò wọn, tráòtù lorúkọ rẹ̀, pé eṣinṣin tó bá bà lójú omi ni ó ń jẹ nígbà ìrúwé, èèyàn sì gbọdọ̀ fi ìyẹ́ tàn án. Mo ronú nípa iye ìyẹ́ adìyẹ tí a ti gbá dànù ní àdúgbò wa.

Wílífù ni wọ́n ní kí n máa pe àwọn.

"N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Kí ló dé? Orúkọ mi ni."

"Ẹ ti dàgbà ju ẹni tí mo lè pè lórúkọ lọ, sà."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti dàgbà?"

"Irun orí yín ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. A wá fẹnu kò sí Bàbá Wílífù, wọ́n sì ń fi orúkọ náà yangàn fún ẹni tó bá kọjá.

Lẹ́yìn ife tíì kejì, wọ́n sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Ìyàwó wọn ti kú. Ọmọ wọn obìnrin yóò wá kó wọn lọ sí ìlú ńlá rẹ̀ ní gúúsù kí òtútù tó tún dé, níbi tí kò sí odò. Ọmọ náà ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá wọ inú omi mọ́. Àwọn tó ni odò náà máa ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ lọ́dọọdún. Ti ọdún yìí wà lápò wọn, kò sì ní sí òmíràn.

"Ìgbà ìrúwé yìí ló kẹ́yìn fún mi," wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé tíì ti tán. "Ṣé o lè dúró tì mí nínú omi?"

Mo ní mo lè ṣe é. Wọ́n ní nígbà náà, àwọn yóò kọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́ta lórí koríko

Wọn kò jẹ́ kí n dé odò fún ọjọ́ mẹ́ta. Lórí koríko ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti kọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn kan tó rọ̀ bí ọparun, òwú pupa ló sì wà ní ìdí okùn rẹ̀ dípò ìwọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi. Ọ̀pá á lọ sẹ́yìn. Á dúró. Okùn á nà tán lẹ́yìn rẹ. Ìgbà náà ni o ó tó mú un wá síwájú.

Dídúró yẹn ló ni mí lára. Ní ọ̀sà wa, gbogbo ara ni èèyàn fi ń ju àwọ̀n. Bí o bá dúró, ọkọ̀ á yí. Bí mo ṣe ń fi agbára jù ú ni okùn ń wé mọ́ mi lọ́rùn. Bàbá Wílífù jókòó lórí àga, wọ́n ń mu tíì.

"Ta lo ń bá jà?"

"Kò sí, sà."

"Jẹ́ kí ọ̀pá ṣiṣẹ́. Ìwọ, sinmi."

Ní ọjọ́ kẹta, òwú pupa náà bà sínú abọ́ tí wọ́n gbé sílẹ̀ bí ẹni gbé e síbẹ̀. Wọn kò yìn mí. Wọ́n wọlé, wọ́n sì gbé ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà kan jáde fún mi.

Nínú omi

Odò náà kò fẹ̀ ju ọ̀nà ọkọ̀ méjì lọ. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tutù débi pé mo ní láti wò bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀. Kí a tó wọ̀ ọ́, Bàbá Wílífù sọ òfin ibẹ̀. Gbogbo ìgbà ìrúwé, ẹja kankan kò gbọdọ̀ kúrò nínú odò. Bí o bá mú un, o ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, o ó sì dá a padà láàyè. Ẹni tó bá mú àlejò wá ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ àlejò rẹ̀, a sì lè gba ìwé àṣẹ rẹ̀.

Mo gbọ́ òfin náà, ó sì yé mi. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pàápàá. N kò ní í fi àìmọ̀ gbèjà ara mi níwájú yín.

Ọjọ́ kẹrin tí a ń lọ ni ó ṣẹlẹ̀. Oòrùn yọ díẹ̀, Bàbá Wílífù sì sùn lọ lórí koríko etí odò. Mo ju ìwọ̀ mi sí ẹ̀yìn òkúta kan, mo dúró bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ìyẹ́ náà bà, omi ṣí ẹnu kékeré, okùn sì le lọ́wọ́ mi. Mo fà á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé inú àwọ̀n ọwọ́ mi. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi àti ìka lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, àmì pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni fi bírò kan án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹja àkọ́kọ́ tí mo pa láyé mi nìyẹn. Ọ̀gá mi sì ń sùn níbẹ̀, lórí koríko.

Mo rò ó, bí mo ṣe ń ro gbogbo nǹkan. Mo ní òfin yẹn wà fún ẹni tó ń kó ẹja lọ sọ́jà, tàbí ẹni tó ń fi kún fìríjì rẹ̀. Ẹ̀bùn ọ̀gá kò sí lára rẹ̀. Bí mo bá dá a padà, ó túmọ̀ sí pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kò já mọ́ nǹkan kan. Mo fi òkúta lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, mo wé e sínú láílọ́nù búrẹ́dì mi, mo sì fi sápò.

Wọ́n jí. "Ṣé o rí nǹkan?"

"Mo ń gbìyànjú, sà."

N kò purọ́, n kò sì sọ òtítọ́.

Orí ẹja

Ṣadé wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi àlùbọ́sà, tòmátì àti ata gígún se ẹja náà lódindi, mo sì gbé e lọ sí ilé Bàbá Wílífù ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé e kalẹ̀ níwájú wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé: pé níbi tí mo ti wá, ẹja àkọ́kọ́ ni èyí, pé ọ̀gá ló ń jẹ ẹ́, tòun ti orí, àti pé n kò ní ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún.

Wọ́n wo abọ́ náà. Wọ́n wo àmì pupa tí ata kò bò tán. Mo rí i lójú wọn nígbà tí wọ́n mọ ibi tí ẹja náà ti wá.

Wọ́n mú fọ́ọ̀kì. Wọ́n jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, ata ń fa omi lójú wọn, wọ́n ń nù ún. Wọ́n wá gbé orí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í jẹ orí ẹja. Dànù ni wọ́n ń dà á. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n bi mí pé níbo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n fa ojú rẹ̀ mu, wọ́n sì to eegun rẹ̀ sí etí abọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ẹnu. "Ẹja dáadáa ni," wọ́n wí. "Ní òwúrọ̀ ọ̀la, mo ní láti lọ sọ fún olùṣọ́ odò."

"Ẹ má lọ, sà. Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Èmi rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tán ni."

Ṣadé dé, mo sọ fún un. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ẹ̀yìn páálí oògùn lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó lò ó?"

"Èmi ni."

"Ohun kan ṣoṣo tó kù fún bàbá yẹn. Ohun kan ṣoṣo, Bọ̀dá Kọ́lá. Ẹ wá fi ata sè é."

Níwájú olùṣọ́ odò

N kò sùn dáadáa. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé mi, mo tún un kọ, mo sì jáde kí Bàbá Wílífù tó jí. Obìnrin ni olùṣọ́ odò náà, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ajá méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí mi pé ojú ọjọ́ dára. Mo ṣí ìwé mi, mo sì kà á fún un:

"Àlejò ni mí. Mo mọ òfin yín. Mo mú ẹja kan, mo pa á, mo sè é. Ẹni tó gbà mí lálejò ń sùn nígbà tí mo ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ mi sọ́rùn wọn."

Obìnrin náà ní, "Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Mo fi ọwọ́ hàn án.

"Ìwọ ni apẹja àkọ́kọ́ tí kò fi kún un," ó wí. "Ta ló gbà ọ́ lálejò?"

Kí n tó dáhùn, mo gbọ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ lórí òkúta. Bàbá Wílífù ni, wọ́n ń mí gúlegúle.

"Má dá a lóhùn," wọ́n wí. "Èmi ni mo jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin jẹ ẹ́?"

"Tòun ti orí."

"Orí?" Obìnrin náà yíjú sí mi. "Wọ́n jẹ orí rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ló fà á?"

Bàbá Wílífù ló ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ bíi tèmi. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí, ó wọlé, ó sì gbé ìwé ńlá kan jáde. Ó ní òfin ni òfin, pé àwọn tó ni odò yóò bi òun. Ó kọ ọ́ pé àlejò náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ lórí odò yẹn mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Ní ti ìwé àṣẹ Bàbá Wílífù, ó ní òun kò ní í gbà á, ṣùgbọ́n bí òun bá rí wọn nínú omi láìsí ẹni tó dì wọ́n mú, òun yóò gbà á lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ta ni yóò dì yín mú?" ó bi wọ́n.

Àwọn méjèèjì wò mí.

Ọwọ́ nínú omi tútù

Báyìí ni mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì tó kù. Mo ń so ìwọ̀, mo ń di bẹ́líìtì wọn mú lẹ́yìn, a jọ ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta tó dúró. N kò fọwọ́ kan ọ̀pá. Àwọn tó ń rin etí odò mọ̀ wá. Wọ́n á pe ajá wọn mọ́ra, wọ́n á kí wa, wọ́n á sì kọjá.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo padà, wọ́n mú ẹja kan tó tó apá mi. Ó pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́ kó tó rẹ̀ wọ́n. Nígbà tó dé inú àwọ̀n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ju ohun tó lè yọ ìwọ̀ lọ.

"Ìwọ yọ ọ́," wọ́n wí.

Mo rẹ ọwọ́ mi sínú omi kí n tó fọwọ́ kàn án, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo yọ ìwọ̀ náà. Mo gbé e kọjú sí ibi tí omi ti ń wá, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dúró. Mo ti rò pé yóò fò lọ lójú ẹsẹ̀. Kò lọ. Ó wà níbẹ̀, ó ń mí lórí àtẹ́lẹwọ́ mi, agbára rẹ̀ ń padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó tó àkókò, ó fi ìrù nà mí lọ́wọ́, ó sì lọ.

"Ṣé ó dùn ọ́?" Bàbá Wílífù bi mí.

"Díẹ̀, sà."

"Ó ń dun èmi náà, ní gbogbo ìgbà."

Etí ọ̀sà

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ bá bàbá mi ní etí omi. Wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mo jókòó tì wọ́n, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀, láti orí ìyẹ́ adìyẹ títí dé orí ẹni tó jẹ ẹja mi. Ìyẹn ló nira jù láti sọ. Wọn kò gbójú sókè.

"Ṣé ó jẹ orí rẹ̀?"

"Wọ́n jẹ ẹ́, sà."

"Kí ó tó lọ fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn ni, àbí lẹ́yìn náà?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó dárúkọ olùṣọ́ odò, sà."

Wọ́n fi eyín gé òwú tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ọ̀nà tí ọ̀sà gbà lọ.

"Ó ti gbà ọ́ nìyẹn," wọ́n wí. "Kọ́láwọlé, aago márùn-ún ìdájí ọ̀la. Má jẹ́ kí n dúró dè ọ́. Èyí tí o bá pa lọ́la, ìwọ ni kí o jẹ ẹ́."

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, tí ẹ kò fi rí mi ní kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ọwọ́ mi bó, èjìká mi sì ń ro mí débi pé oorun gbé mi lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún Tíṣà. Epìyà mẹ́rin ni mo pa. Mo jẹ ọ̀kan, tòun ti orí.